Ojú Ewé Tí Gbádé Ń Gé Kúrò

Ohun àkọ́kọ́ tí Gbádé máa ń ṣe sí ìwé tó bá dé ìsọ̀ rẹ̀ ní Yábàá ni pé kó gé ojú ewé kan kúrò nínú rẹ̀. Ìwé àlòkù láti Amẹ́ríkà ló ń tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé kan lọ́hùn-ún rí. Kí wọ́n tó kó wọn sínú kòńténà, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ pupa tó ní orúkọ ilé ìkàwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó ní ilé ìwé aládàáni, tí wọ́n jẹ́ oníbàárà rẹ̀ gan-an, kò fẹ́ rí òǹtẹ̀ yẹn sójú. Wọ́n á ní, "Ṣé ohun tí wọ́n dà nù lẹ fẹ́ tà fún mi?" Nítorí náà, Gbádé á fi abẹ gé ojú ewé náà, á gé e mọ́ ẹ̀yìn ìwé pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ sì nìyí nídìí iṣẹ́ yìí. Kò dé Amẹ́ríkà rí, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti mú un rìn já gbogbo rẹ̀. Láyé ìgbà kan, ìwé tó bá ti gbó, tí wọ́n ti ra tuntun rọ́pò rẹ̀, ló ń dé. Àjẹkù ọlọ́rọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó ń kẹ́dùn lórí àjẹkù ọlọ́rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló rí i pé ẹrù náà ti yàtọ̀. Ìwé ń dé lódidi pẹpẹ, nọ́ńbà wọn ṣì tò tẹ̀lé ara wọn. Ìwé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí wà nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó bá aago kékeré kan nísàlẹ̀ páálí, irú èyí tí èèyàn máa ń tẹ̀ láti pe ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé.

Teslim, tó ń ta ìwé ìdánwò ní ìsọ̀ kejì, tẹ aago náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá dẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa kó sínú páálí."

Gbádé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò yé e. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ wà lórí gbogbo òkun ayé, kí ló dé tí kò rí ẹnì kan gbà síṣẹ́ kó máa ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé? "Ilé tí wọ́n bá ti ń tú páànù orí ẹ̀ tà," ló sọ fún Teslim, "ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ti ń múra àtikó jáde nìyẹn." Ṣùgbọ́n kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, nítorí Ọmọ́níkẹ́.

Ọmọ́níkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Abẹ́ tábìlì ìsọ̀ yìí ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ó ti di tíṣà ní Sùúrùlérè báyìí, ohun tó sì fẹ́ ni láti kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé dáadáa, kó padà wá ṣí ọ̀kan fún àwọn ọmọ Mùṣín. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ti gbà á wọlé. Físà ti jáde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọkọ̀ òfuurufú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ ti gbàdúrà fún un, kò sì sẹ́ni tó kọjá níwájú ìsọ̀ Gbádé tí kò tíì gbọ́. Ọmọ náà nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Bàbá, nǹkan kan ń sọ fún mi pé kí n tún wádìí ibẹ̀ wò."

"Ìwádìí wo? Ẹni tọ́kàn ẹ̀ bá balẹ̀ kì í rìnrìn àjò."

Ní ọjọ́rú kan, kòńténà tuntun ṣí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọra. Gbádé ra páálí mọ́kànlá. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta ní ìsọ̀, orúkọ tó rí lórí òǹtẹ̀ mú kó jókòó. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ Ọmọ́níkẹ́ ni. Ó ti ka orúkọ yẹn lórí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ títí ó fi mọ ọ́n sórí. Ìwé inú páálí náà lé ní ogójì, gbogbo wọn ló sì dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú ilé ìkàwé. Ìwé iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ kọ́ gan-an ni wọ́n dà nù.

Ó mú abẹ. Ó ń gé, ó ń gé, kò gbórí sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń lé yín?" Teslim béèrè.

"Iṣẹ́ ni."

Kì í ṣe pé kò rí i pé nǹkan ń bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ti dá ara rẹ̀ lójú pé bí ilé ńlá bá tilẹ̀ ń wó, yàrá kan á ṣì kù níbẹ̀ tó máa gba ọmọ òun. Tí Ọmọ́níkẹ́ bá rí òǹtẹ̀ yìí, kò ní lọ. Kó ṣáà lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìkánjú yẹn ló fi ṣe àṣìṣe tí ọmọṣẹ́ tuntun pàápàá kì í ṣe. Àwọn ilé ìkàwé kan máa ń tẹ òǹtẹ̀ kejì sí àárín ìwé, kí olè má baà rí i yọ. Gbádé mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á yẹ àárín ìwé wò. Lọ́jọ́ yẹn, kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ẹtì, Ọmọ́níkẹ́ gba ìsọ̀ wá láti ibi iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ìwé kan lórí òkìtì. "Háà! Wọ́n ní ká ka èyí kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé." Ó jókòó, ó ń ṣí i. Nígbà tó dé ojú ewé kọkànléláàádọ́ta, ó dúró lórí òǹtẹ̀ kan tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí ìwé yìí?"

"Ìjọra."

"Kó tó dé Ìjọra ńkọ́?"

Ọmọ́níkẹ́ ṣí iwájú ìwé náà, ó fi ìka tọ ojú ibi tí abẹ gbà. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn.

"Gbogbo ẹ̀ lẹ ti gé."

"Ṣebí bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Fún oníbàárà ni. Ṣé oníbàárà lèmi náà?"

Teslim mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìwé tí kò ní eruku.

Ọmọ́níkẹ́ mú fóònù jáde, ó pe ilé ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́. Obìnrin kan gbé e, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n ti ti ilé ìkàwé náà pa, ibẹ̀ ti di ibi eré ìdárayá. Ẹ̀kọ́ náà ṣì wà, àmọ́ olùkọ́ méjì ló kù, orí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò sì ti máa kọ́ wọn. Àwọn ìwé ńkọ́? Ó ní àwọn kan wá fi ọkọ̀ kó wọn, òun ò mọ ibi tí wọ́n gbé wọn lọ.

"Èmi mọ̀, mà," ni Ọmọ́níkẹ́ sọ. Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

"Ìyẹn ò ní kó o má lọ," Gbádé sọ kíákíá. "Tó o bá ṣáà ti débẹ̀, wàá rí ọ̀nà míì."

"Ká ní ẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i, bóyá ǹ bá ṣì lọ. Èmi ló yẹ kí n pinnu."

Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ àìkú, ó sọ fún un. "Mi ò lọ mọ́, Bàbá. Mi ò lè lọ kọ́ ìtọ́jú ilé lọ́dọ̀ ẹni tó ń tú ilé ẹ̀ tà." Gbádé pariwo, ó rọ̀ ọ́, ó tún pariwo. Ọmọ náà jókòó, ó ń wò ó, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ajé, Àmúdàtù tó ń ta bírò àti ìwé àkọsílẹ̀ ní òdìkejì kí i láti ọ̀ọ́kán. "Bàbá Ọmọ́níkẹ́, ọjọ́ wo là ń sin ìyàwó Amẹ́ríkà lọ sí pápákọ̀?"

"Kò lọ mọ́."

"Yéè! Wọ́n já a ní físà, wọn ò fún un?"

Irọ́ ti délẹ̀, ó kù kó gbà á. Kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n já èèyàn ní físà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Wọn ò já a. Físà wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀. Òun ló ní òun ò lọ."

Àmúdàtù wò ó tàánútàánú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì."

"Mo ní òun ló kọ̀ wọ́n."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ má rò ó jù."

Kó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́ta mìíràn ti wá bá a kẹ́dùn. Ohun kan náà ló ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń mi orí bí ìgbà tí èèyàn bá ń tu ọmọdé nínú. Ẹni tó wá kẹ́yìn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní bó ti ń ṣe gbogbo ayé nìyẹn, kó fara dà á. Gbádé gbọn ọwọ́ náà dànù. Ó dìde dúró, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá fi yíjú wò ó.

"Ọmọ mi ló kọ̀ wọ́n! Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi ló kọ̀ wọ́n!"