Láfún Tí Dókítà Ò Jẹ

Láti oko ni mo ti fi ọ̀kadà gbé Ìyá Ìbejì, aya mi, lọ sí ọsibítù nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́. Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tẹ àyà rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ọmọ mi, ṣé o tiẹ̀ ti jẹun?"

"N ò rántí mọ́, Bàbá."

Láfún tí aya mi dì fún mi láàárọ̀ ṣì wà nínú àpò oko mi. Mo gbé e fún un. Kò tíì bu òkèlè kan tí wọ́n fi gbé àwọn tí mọ́tò gbá lọ́nà Èrúwà dé.

Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́, wọ́n ní ó ti lọ sókè òkun. N ò bá a wí. Wọn ò tíì rí dókítà mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Bí àyà bá ń dùn mí báyìí, n kì í pe ọlọ́kadà. Ta ni mo fẹ́ bá níbẹ̀?