Ìyáàfin Tó Ń Koná Nígbà Ìwàásù

Ọjọ́ tí Àlùfáà Pardoe wàásù lórí "Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ," kò sẹ́ni tó gbàgbé ẹ̀ ní Harcombe, abúlé kan nílùú òyìnbó. Òtútù ń mú wọnú eegun. Ìyáàfin Theodosia ní ibi ìyáná tirẹ̀ níbi ìjókòó ìdílé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bíi ti àwọn ọlọ́lá. Bí ìwàásù kò bá ti bá a lára mu, á mú ọ̀pá irin, á máa fi koná kíkankíkan. Lọ́jọ́ yẹn, ó koná títí èéfín fi bo pẹpẹ.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́," ni Àlùfáà bẹ̀bẹ̀, "ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là ń sọ."

Ohùn Ìyáàfin ti inú èéfín jáde: "Mo gbọ́. Èmi náà ń fèsì ni."

Ṣáájú ìgbà náà ni àìsàn ìgbóná ti pa Letty, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyáàfin bí. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni kò ti jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, ṣùgbọ́n kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí. Ó ní, "Bí mo bá jókòó sílé, ta ni yóò bá Olúwa jiyàn?"

Nígbà tó di opó, ọlọ́lá kan wá sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya, ó ní òun yóò lé ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ìbànújẹ́ mi kẹ̀? Ó ti pẹ́ nílé yìí jù ọ́ lọ. Ìwọ ni kó o máa lọ."

Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ọkàn Àlùfáà kò balẹ̀. Bí ìyá yìí bá kú láìtíì bá Ọlọ́run parí ìjà yẹn ńkọ́? Ó gbé búrẹ́dì àti wáìnì lọ bá a.

"Jẹ́ ká dúnàá-dúrà," ni Ìyáàfin wí. "Sọ ibi tí Letty mi wà fún mi, màá jẹ ẹ́. Má wàásù o."

Ẹsẹ Bíbélì kún Àlùfáà lẹ́nu, ó sì pa gbogbo wọn tì. Àìmọye ọmọdé ló ti sin, òun náà sì ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

"N kò mọ̀, Ìyáàfin. Mo ń retí ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ìrètí ọ̀hún kì í tó nǹkan."

Ìyáàfin na ọwọ́ sí búrẹ́dì náà. "Pardoe, o ò ṣe ìwàásù tó dáa tó báyìí rí. Gbé e wá."

Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu wáìnì, ó fajú ro. "Ta ló ta wáìnì yìí fún ẹ? Ó rẹ́ ẹ jẹ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Ìyáàfin láyé.

Inú òjò ni wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọn kì í gbàdúrà fún òkú nínú ìjọ tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn lọ tán, Àlùfáà ṣí fìlà létí sàréè.

"Olúwa, ó ń bọ̀ o. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, jọ̀ọ́, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kí O sì tó dá a lóhùn, jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọmọ rẹ̀."