Irin Tó Wà Nídìí Òwú

A ti kọjá Ọ̀yọ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó pè mí lórí fóònù.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé ọkùnrin Èkó yẹn mọ̀ pé tí kò bá gba ọkọ̀ yìí, àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù ń bọ̀ wá gé e?"

Mo wo ọkùnrin náà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní ó mọ̀.

Ọkọ̀ eré ìje láti ilẹ̀ Ítálì ni ọkọ̀ tí à ń sọ, pupa, oníjókòó méjì, kúkúrú débi pé ewúrẹ́ máa ń gun orí rẹ̀ láìṣe wàhálà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Ahunṣọ òfì ni. Òyìnbó Ítálì kan tó wá ṣe ọ̀nà Ṣakí ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó òyìnbó fẹ́ràn òfì tí Bàbá ń hun. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà parí, wọ́n kó aṣọ lọ, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní báyìí, àkọ́bí Bàbá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ọkọ̀ wà. Ó ti sọ fún àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, àwọn tó ń ra irin àlòkù, pé kí wọ́n wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn ló ké sí. Mo rí ẹnì kan l'Ékòó tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ojúlówó nìkan ló ń gbà. Òun ló ní kí ọkùnrin yìí, tó mọ àwọn ọkọ̀ náà bí ẹni mọ owó, bá mi lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá wà nídìí òfì rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí a dé. Ahunṣọ tó jókòó tẹ̀ lé e rí wa, ó ní, "Bàbá, ọkọ ìyàwó ti dé o. Ẹ lọ lé ewúrẹ́ kúrò lórí ìyàwó."

"Hun tìẹ," Bàbá dá a lóhùn.

Ọkùnrin Èkó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò tíì kí i tán tó fi na ọwọ́ sí fìlà orí rẹ̀, ó fi ìka yẹ aṣọ rẹ̀ wò.

"Wọ́n pè é ní òfì Ìṣẹ́yìn fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, sà."

"Ẹ̀rọ ló hun ún. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wò ó. Ó dára lójú o, ẹ máa dé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ kan náà lèmi náà ń ṣe."

Ó yẹ ọkọ̀ náà wò pẹ̀lú sùúrù. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó tan iná wo inú ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀dà tó bá a wá láti Ítálì ṣì wà lára rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ kò ní àbùlà. Eku ti jẹ awọ ìjókòó, Bàbá sì ti fi òfì bò ó. Ọkùnrin náà ní ìyẹn ṣeé tú. Inú Bàbá ń dùn. Ìgbà tí wọ́n wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin náà pa iná ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́ nìyí."

"Ti tákísì ni," Bàbá ní, kò fi pa mọ́. "Ti àkọ́kọ́ sán. Mẹkáníìkì ló fi èyí sí i."

"Ibo ni èyí tó sán wà? Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lára, ó gbọ́dọ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Ẹ ò báà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí mo bá rí ibi tí nọ́ńbà wà, ó tó."

Bàbá jáwọ́ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yíjú sí àtíbàbà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Tí àwọn ahunṣọ wa bá ta òwú, yóò gùn la àgbàlá já. Wọn á so ìdí rẹ̀ mọ́ nǹkan wúwo kó lè le. Bí ẹni tó ń hun bá ṣe ń hun ni nǹkan wúwo náà ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òkúta ni ẹlòmíràn ń lò, lórí pákó. Ní tirẹ̀, Bàbá ti ní kí wẹ́dà gé irin fún òun lára ẹ́ńjìnnì tó sán. Kò fi pákó sí i, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

A tú òwú, a dojú irin náà dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi iyanrìn fọ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá a síwá sẹ́yìn.

"Ibi tó yẹ kó wà gan-an nìyí," ó ní. Ilà kan ṣoṣo ló kù nínú nọ́ńbà náà. Ó lè jẹ́ oókan, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ eéje.

"Iyanrìn àgbàlá mi ló jẹ ẹ́," Bàbá ní.

"Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán mi ò ní kí n wá gba ènìyàn gbọ́."

Ahunṣọ tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wá bá wa. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, wẹ́dà wà nítòsí. Kó wo nọ́ńbà ara ọkọ̀, kó tẹ èyí tó bá a mu síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ọkùnrin Èkó dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀. Bàbá wo fìlà orí rẹ̀ títí.

"Bí fìlà yẹn náà ló máa rí," ó ní. Ó wá yíjú sí mi: "Bá mi so ó padà. Òwú ń dẹ̀, aṣọ ìyàwó ni, wọ́n ń retí ẹ̀."

Mo so ó. Ọkùnrin Èkó dágbére fún Bàbá, a sì padà.

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyàwó Bàbá ló ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní Bàbá ò dìde nídìí òfì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gé ọkọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn tọ́ka sí irin tó wà nídìí òwú, pé ṣé kí àwọn gbé ìyẹn náà.

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Ó ní rárá." Ìyàwó rẹ̀ fi kún un: "Ọkọ mi, ó ti wá pákó sábẹ́ ẹ̀ báyìí."