Ikúmápàyí Tó Ná Ẹ̀jẹ̀ Ríru Bí Ẹni Ń Ná Ẹja

Kò sí ẹni tó gbé Bàrígà láyé ìgbà náà tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Japhet Ikúmápàyí ná ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ní díspẹ́ńsárì Ṣómólú. Sabina, ìyàwó rẹ̀, ló fà á lọ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọkùnrin náà kò lè ti etí ọ̀sà gòkè wálé mọ́ láìdúró mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ igi àgbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, á díbọ́n pé òun ń wo àwọn ọkọ̀ lójú omi. Sabina wò ó títí, ó sú u.

Nọ́ọ̀sì Adébùnmí so ọ̀já mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì mi orí.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Igba ló wà."

"Igba kẹ̀?" Ikúmápàyí wò ó tìyanu-tìyanu. "Nọ́ọ̀sì, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á ní ọgọ́fà."

"Bàbá, a kì í ná an."

"Kí la kì í ná láyé? Ó dáa, mo fi kún un. Ogóje."

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá, kì í ṣe èmi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀rọ ọ̀hún sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ọgọ́jọ! Mi ò lè kọjá ibẹ̀, ojú ọjà ò dáa."

Ẹ̀rín pa gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Sabina fi ìborùn bojú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa tún un wọ̀n kí àríyànjiyàn lè tán, inú tó ń bí Ikúmápàyí ti gbé e dé igba ó lé mẹ́wàá. Látọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó ń ná yóò gbówó lórí lójú ara rẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun lọ́hùn-ún. Ó fi ìgbà èwe rẹ̀ pẹja. Nígbà tí ara kò gbé e mọ́, ó ń lọ pàdé àwọn ọlọ́kọ̀ létí ọ̀sà láàárọ̀ láti ra ẹja tí Sabina ń yan tà. Bó bá ti gbá ọrùn ẹja mú, ẹlẹ́ja á ṣépè, á sunkún, yóò sì bẹ̀ ẹ́ níkẹyìn pé kó jọ̀ọ́, kó sáà gbé e lọ. Kì í ṣe ẹja nìkan ló sì ń ná. Nígbà tí pásítọ̀ ìjọ wọn kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Ikúmápàyí dìde láàárín ìjọ, ó ní ṣé ọjọ́ kan ààbọ̀ kò ní tó Ọlọ́run ni. Pásítọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Ikúmápàyí ní, "Ó dáa, ọjọ́ méjì, pẹ̀lú omi." Ọjọ́ méjì náà ni gbogbo ìjọ gbà, pẹ̀lú omi.

Irú ọkùnrin báyìí ni Nọ́ọ̀sì Adébùnmí wá ní kó jáwọ́ nínú tábà, kó dín iyọ̀ kù, kó fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, kó máa rìn dáadáa kí ikùn rẹ̀ lè fà, kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru báyìí lọ, á máa fi tipátipá lo ọkàn, bíi kéèyàn máa tukọ̀ lòdì sí ìṣàn omi láìsinmi. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ á kọ̀.

Ikúmápàyí ronú sí i. "Ẹ gba tábà," ó ní, "kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Bàbá, méjèèjì ni."

"Ẹ gba ẹran."

"Gbogbo ẹ̀ ni!"

Ó yíjú sí Sabina. "Ṣé o rí i? Obìnrin yìí ò mọ ọjà tà."

Sabina bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún un pé ọkọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ láìjà, tó tún ń yìn ín. Ó tilẹ̀ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní kí á gbàdúrà. Ikúmápàyí ṣí fìlà, iyọ̀ sì tú jáde láti inú fìlà náà, ó dà sórí Bíbélì ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ṣààrà. Inú fìlà ló ń dì í sí, òun ló ń bù sọ́bẹ̀ bí ìyàwó bá ti kẹ̀yìn. Sabina kò dúró gbọ́ àmín. "Ìyàwó Lọ́ọ̀tì ló di ọ̀wọ̀n iyọ̀ nínú Ìwé Mímọ́," ó ní bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. "Èmi ò mọ̀ pé ọkọ tèmi ló kù."

"Sabina, kí lò ń bẹ̀rù? Kí lorúkọ mi? Ikú-má-pa-èyí! Àwọn òbí mi ti bá ikú sọ ọ́ tán."

"Bàbá Rebecca," ni Sabina dáhùn, "ikú ò kàwé."

Wàhábì nìkan ló ń gbè é lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kọ́lé sí Abúlé Òkúta, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtukọ̀, ó sì gbà pé àwọn tó sanra nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń ru fún. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wá fún àyẹ̀wò. Ó ní òun ò ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó èyí tó lè ru. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Ikúmápàyí á jọ jókòó ta dráfù, wọ́n á máa fi nọ́ọ̀sì ṣẹ̀sín, tábà á sì máa rú túú lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ìdí dráfù yẹn náà ni wọ́n wà tí Wàhábì gbé ọmọ ayò kan sókè tí kò gbé e kalẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ikúmápàyí rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, ó pariwo pé, "Òjóró lò ń ṣe fún mi! Gbé e padà!" Ìgbà tó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rí i pé ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wàhábì kò kú, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti pẹ́ lára rẹ̀ láìfi ara hàn. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, Ikúmápàyí lọ kí i.

"Wàhábì, bú mi," ó ní. "Sọ pé òjóró ni mo ṣe fún ọ. Bú mi, jọ̀ọ́."

Wàhábì wò ó, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ibẹ̀, Ikúmápàyí kò yà sílé. Ó gba díspẹ́ńsárì lọ ní òun nìkan, ó jókòó, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì Adébùnmí wọ̀n ọ́n, ó pe iye, ó sì múra ìjà. Ọkùnrin náà kàn tẹ orí ba.

"Bàbá, ẹ ò ní ná an lónìí?"

"Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "iye tẹ́ ẹ bá pè é ni mo gbà."

Ó sọ ìkòkò tábà sínú ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Sabina tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò mọ̀ pé wàhálà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lójoojúmọ́, kí àkùkọ tó kọ, Ikúmápàyí á ti jí i kí wọ́n lọ rìn. Bàrígà títí dé Palmgrove, àti àbọ̀, Sabina á máa kùn, òun á máa pè é pé kó yára. Bó bá dé, á wọ ilé ìdáná onílé, á ṣí ìkòkò wọn, á tọ́ ọ wò, á ní iyọ̀ ti pọ̀. Serifat, aládùúgbò wọn, fi orógùn lé e dé títì. "Bàbá Rebecca! Ṣé ẹ̀yin lọkọ mi ni?" Ikúmápàyí dúró lókèèrè, ó ní, "Ọkọ rẹ ni mò ń bá ọ tọ́jú."

Nojeem gbẹ́nàgbẹ́nà ló fojú rí nǹkan jù. Ó ní òun ò lọ fún àyẹ̀wò kankan. Ikúmápàyí ń wá jókòó sórí pákó tó ń fá láràárọ̀, ó ń wàásù ọkàn. Ìgbà tó sú Nojeem, ó ní, "Bàbá, tí mo bá lọ, ṣé ẹ máa fi mí sílẹ̀?"

"Mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Oṣù kan!"

Wọ́n ná an, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Nojeem lọ tayọ̀tayọ̀ nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ga ju èyí tí Ikúmápàyí kọ́kọ́ bá ní díspẹ́ńsárì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló wá kan ìlẹ̀kùn. "Bàbá, ibo lẹ ní ẹ máa ń rìn dé?" Ikúmápàyí tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀, ó mi orí, ó sì kọjá lọ. Àdéhùn ni àdéhùn.

Ó rí ọmọ tí Rebecca, ọmọbìnrin rẹ̀, bí, ó sì gbé e jó, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé kò ní rí i. Ibà ló mú Ikúmápàyí lọ lọ́dún tó ṣáájú òmìnira, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Nọ́ọ̀sì Adébùnmí tó wà níbẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ débi tó lè ṣe é dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún. Pásítọ̀ ní kí Sabina sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọkọ rẹ̀. Ó dìde, ó tún gèlè so.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ọkùnrin yìí dá mi lágara."

Ẹ̀rín sọ.

"Kó tó gbọ́ràn, ó dá mi lágara. Ìgbà tó gbọ́ràn tán, ó wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá sùn, á jí mi. Mo bá jókòó, á ní kí n dìde. Mo bá dákẹ́, á ní ṣé ó rẹ̀ mí ni, ká lọ rí nọ́ọ̀sì." Ẹ̀rín tún sọ, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fi ìborùn nu ojú.

"Ta ni yóò wá máa dá mi lágara báyìí?"

Serifat ló dìde, ó wá jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.