Eyín Iwájú Mọ́rẹ́nikẹ́

Bíròó pupa ni àwọn ọmọ abẹ́ mi fi mọ̀ mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Ajah gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wẹ́fíà, òun ni mo kọ́kọ́ kì bọ àpò àyà aṣọ mi kí n tó béèrè ibi tí tábìlì mi wà. Yunifásítì ni mo ti kó àṣà náà. Olùkọ́ arúgbó kan wà tó ń kọ́ wa, tó gbà pé ẹni tí kò lè kọ gbólóhùn kan kó gún, kò lè ro èrò kan kó gún. Mo gbà á gbọ́. Títí dòní, ọkàn mi ṣì máa ń fà sí ìgbà yẹn: yàrá ìkàwé tó tutù, igi ìyeyè tó wà lójú fèrèsé, àwa ọ̀dọ́ tí a rò pé a máa tún ayé ṣe tí a bá ti kàwé tán. Ibi tí bíròó pupa gbé mi dé ni mo fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ajah ti àwọn ọdún 1990 kì í ṣe Ajah tí ẹ mọ̀ lónìí. Tí èèyàn bá ti kọjá Ikate, iyanrìn, igi àgbọn àti ẹrẹ̀ ló kù, pẹ̀lú pátákó àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn tẹ ibẹ̀ dó, ni ọ̀rọ̀ wọn ń múlẹ̀ jù. Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá méjì lọ. A ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta àti alùpùpù kan tí kì í sábà rí epo mu. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni àbẹ̀wò: kí wọ́n lọ sí ilé tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí wọ́n rí ọmọ náà, kí wọ́n padà wá kọ ohun tí wọ́n rí sínú fáìlì. Iṣẹ́ tèmi ni láti ka ohun tí wọ́n kọ, kí n sì bọwọ́ lù ú. Ọmọ kankan kò sí nínú iṣẹ́ tèmi. Ìwé ló wà níbẹ̀.

Ìyá Ìjọ ló mú ẹjọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ wá. Ó ń jọ́sìn nínú ọ̀kan lára àwọn ìjọ aláṣọ funfun, aṣọ àdúrà wọn náà ló sì ń rán jẹun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Ado. Ó wọlé lẹ́sẹ̀ lásán, ó jókòó, ó ní ọmọ ọdún méje kan wà ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun. Ìyá ọmọ náà ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kó o sọ́dọ̀. Ó ní igbe ọmọ náà kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ òun mọ́. Sùnmọ́nù, tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi í bóyá ìran ló rí.

Ìyá Ìjọ kò tilẹ̀ wò ó. Èmi ló kọjú sí. “Ọ̀gá, tó bá jẹ́ ìran ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni ǹ bá gbé e lọ. Etí ni mo fi gbọ́ ọ.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá Tóyìn, nítorí Tóyìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí òun àti Mọ́rẹ́nikẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó wà lára àwọn tó ń ta ilẹ̀ fún ẹbí wọn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í já wọ agbo ilé àgbàlagbà bí olè, nítorí náà mo kọ lẹ́tà síwájú pé àwọn èèyàn wa ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo rán Fọlákẹ́, ẹni tó kéré jù láàárín wa.

Ìròyìn tí Fọlákẹ́ kọ gùn. Ó rí ojú ẹgba lẹ́yìn ọmọ náà. Ọmọ náà yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un pé bẹ́líìtì ni Bàbá Tóyìn fi ń na òun. Lẹ́yìn náà ni Fọlákẹ́ wá kọ ọ́ pé eyín iwájú méjì ti yọ lókè ẹnu rẹ̀, pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo ẹnu, kí alángbá má baà rí àlàfo ibẹ̀. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú wa? Wọ́n ní tí alángbá bá ti rí i, eyín náà kò ní hù mọ́.

Mo fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn náà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: “Ẹ yọ èyí kúrò. Kò kan ẹjọ́.”

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e tún burú ju ìyẹn lọ. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Tóyìn sí ọ́fíìsì, mo kìlọ̀ fún un. Kó lè mọ̀ pé ojú wa tó ilẹ̀, mo ka ohun tí ọmọ náà sọ fún Fọlákẹ́ sí i létí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ó tẹrí ba, ó dúpẹ́, ó ní irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó ní ó hàn pé ọ̀gá kàwé. Inú mi dùn. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n yá Fọlákẹ́ lọ sí ọ́fíìsì mìíràn fún oṣù méjì, Sùnmọ́nù sì gba fáìlì náà. Ṣé ẹ rí Sùnmọ́nù, kò sí ilé tó wọ̀ tí kò mu mínírà níbẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgò ló ń ṣe àbẹ̀wò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àbẹ̀wò Fọlákẹ́ ló débẹ̀, lẹ́yìn tí mo tún ti kọ lẹ́tà síwájú. Ó kọ ọ́ pé ara ọmọ náà ń dán, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun, ó sì pé. Mo tún gbólóhùn rẹ̀ méjì ṣe, mo bọwọ́ lù ú. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ irú rẹ̀, mo tún bọwọ́ lù ú. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀gá àgbà wa ti pè mí pé kí n rọra ṣe pẹ̀lú ẹbí yẹn o, pé wọ́n fẹ́ fún wa ní ilẹ̀ tí a máa fi kọ́ ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Kí a lè rílé kọ́ fún àwọn ọmọ aláìníyàá, ká fi aláìníyàá kan sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń nà án.

Nígbà tí Fọlákẹ́ padà dé, fáìlì Mọ́rẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó kà á lórí ìdúró. Ó wá gbé e sórí tábìlì mi, ó fi ìka kan sí ìwé tirẹ̀, ó fi ìka kejì sí ti Sùnmọ́nù.

“Ọ̀gá, eyín ta lèyí?”

Mo ní ṣebí mo ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ eyín kò kan ẹjọ́.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, sà. Ọmọ mélòó ló ti pààrọ̀ eyín lójú yín?”

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mo mọ iye oṣù tí eyín iwájú fi ń hù kó tó kún ẹnu. A pe Sùnmọ́nù. Ó ní ọmọ tí wọ́n pè jáde ni òun rí, òun kò rí i tẹ́lẹ̀ rí, ṣé kí òun máa bi àgbàlagbà bóyá ọmọ rẹ̀ nìyẹn ni?

A kò kọ lẹ́tà lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ni èmi àti Fọlákẹ́ fi rìn débẹ̀ nínú oòrùn. A bá Bàbá Tóyìn pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀, ìwé àwòrán ilẹ̀ wà lórí tábìlì láàárín wọn. Ó kí wa tayọ̀tayọ̀, ó ní kí wọ́n gbé mínírà wá, ó sì ké pe Mọ́rẹ́nikẹ́. Ọmọbìnrin kan jáde, ó kúnlẹ̀ kí wa. Fọlákẹ́ fọwọ́ kan apá mi. Kì í ṣe òun.

Mo pe ọmọ náà sọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Eyín rẹ yìí mà dára o. Nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ yọ, ta ló bá ọ jù ú sórí òrùlé?”

Ó nàka sí Bàbá Tóyìn. “Bàbá mi ni.”

Àwọn tó ń ra ilẹ̀ gbé ojú sókè. Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wà ní sàréè láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀.

“Kí lorúkọ rẹ?”

Ó wo bàbá rẹ̀ kó tó dáhùn. “Tóyìn. Ṣùgbọ́n tí àwọn wẹ́fíà bá dé, Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mí.”

Bàbá Tóyìn dìde. Kò pariwo. Ó ní, “Ilẹ̀ wa lẹ dúró lé, ọmọ wa lẹ ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní epo nínú alùpùpù, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ?”

Fọlákẹ́ ní, “A ò wá kọ́ yín, sà. Ọmọ la wá wá. Níbo ló wà?”

Ìyàwó Bàbá Tóyìn ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí kò gbójú kúrò lára ìkòkò tó ń rò. Ó ní ọmọ náà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja lọ́nà Ìbẹ̀jú, kí a lọ gbé e kó tó kú sí àwọn lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, àwa àti ọlọ́pàá kan la jọ lọ. A bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja, tó ń lé ewúrẹ́ nínú èéfín. Wọ́n fi àkísà wé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Fọlákẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó yíjú, ó mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ọwọ́ àkísà yẹn sókè, ó fi bo ẹnu.

Lọ́jọ́ tí mo sin Bàbá Tóyìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó délé, ó ti ọwọ́ ọmọ náà bọ omi gbígbóná, ó ní ọwọ́ tí kò lè pa ẹnu mọ́ nìyẹn. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹnu sọ̀rọ̀. Wọn kò gbé e lọ sí ọsibítù kí wẹ́fíà má baà gbọ́. Nígbà tí a fi rí i, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ra. Dókítà là wọ́n. Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, méjì kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn àgbà ẹbí mẹ́fà wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni, a kì í fi ọ̀rọ̀ ilé sílé ẹjọ́. Mo kọ̀. Ẹjọ́ dé kóòtù, wọ́n sì ń sún un síwájú títí ó fi rá mọ́ni lọ́wọ́. Ẹbí kò fún wa ní ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí mọ́, wọ́n tà á fún àwọn tó kọ́ ẹ́sítéètì sí i. Ọ̀gá àgbà kọ ìwé sí mi pé kí n wí tẹnu mi, ìdí tí mo fi wọ agbo ilé àgbàlagbà láìkọ lẹ́tà síwájú. Kò sí àṣìkọ kankan nínú ìwé náà. Wọ́n gbé mi kúrò ní Ajah. Sùnmọ́nù ni wọ́n fi sípò mi.

Àbúrò ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó mú un lọ. Fọlákẹ́ bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún kan, láìránṣẹ́ síwájú. Ó ní ó ń lọ síléèwé, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò fi lẹ́tà ṣíwájú àbẹ̀wò mọ́. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún mi ní ìròyìn tó gún láìkọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí ọmọ náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ rò pé arúgbó ti ń ṣarán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eyín ọmọ ọmọ mi obìnrin yọ. Ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí n bá òun jù ú sórí òrùlé. Mo ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ le ju bó ṣe yẹ lọ, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Alángbá ńkọ́, Bàbá?”

Mo sọ fún un pé alángbá kọ́ ni mò ń bínú sí. Mo gba eyín náà, mo sì jù ú.