Góòlù tí A Fi Orúnkún Kí

Òórùn àkàrà àti ti yìnyín ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ Sátidé nílé wa ní Matteson, lẹ́bàá Ṣikágò. Bí Dádì bá ti gbé epo kaná, á ṣí fèrèsé kíṣíìnì sílẹ̀ gbayawu, ìbáà jẹ́ àárín oṣù kìn-ín-ní tí òtútù ń gé etí èèyàn. Kì í ṣe pé ooru ń mú un. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá pọ̀ ló ń sá fún, nítorí bí ìyẹn bá fi lè dún pẹ́nrẹ́n, Mọ́mì á jí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Wàsíù ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń wọ kóòtù jókòó sí pálọ̀, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ wa, imú wa tutù bíi ti ajá.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Alẹ́ Fúráìdè ló máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Á wọlé ní àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ojú pípọ́n, á mu tíì, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, nítorí ibẹ̀ ló ṣókùnkùn jù. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Please, mi ò fẹ́ gbọ́ noise o. Mo ṣì ní shift lálẹ́ òní."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àsìkò tó ń sùn gan-an ni Bọ̀dá Àjàní ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, ilẹ̀ pálọ̀ wa sì ni àjà yàrá rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ yẹn nínú ìwé ìròyìn kankan. Ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà. Dádì ló sọ ọ́ ní Àjàní, nítorí ó ní kò sí ohun tí ọmọ yìí rí gbà láyé tí kò jà kó tó gbà á. Bí Wàsíù bá pè é ní Àjàní lásán, Dádì á bá a wí: "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" Bó ṣe di Bọ̀dá nìyẹn, Bọ̀dá tí kò mọ̀ pé òun ní àbúrò ní Matteson.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú agbábọ́ọ̀lù tí mò ń wí. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Á máa rìn kiri lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Wàsíù á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Dádì á mi orí: "Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún." Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti fi èjìká ti ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n, gólì sì jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, orí, kódà mo rí i tó fi àyà tì í wọlé. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí, irú ẹ̀rù tó ń dùn mọ́ni. Mi ò mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara lè mọ ibi tí nǹkan yóò bọ́ sí kí nǹkan ọ̀hún tó bọ́.

A kò sì gbọ́dọ̀ pariwo. Dádì ló dá a lábàá pé kí á máa fi orúnkún kí i. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti wọlé báyìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣubú lé orúnkún wa lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbì, a ó na ọwọ́ sókè, a ó la ẹnu gbàgà, láìsí ohùn. Dádì tó tóbi tó yẹn, omi á máa dà lójú rẹ̀ nítorí ariwo tó gbé mì. Lọ́dún tí Bọ̀dá Àjàní gbóná jù, kápẹ́ẹ̀tì iwájú tẹlifíṣọ̀n pá. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà: kí n fi gbogbo ohùn mi pariwo góòlù rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Àjàní fi orúnkún tirẹ̀ náà ṣèṣe. Odidi sáà kan ni kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Ilé wa parọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, Mọ́mì wo Dádì, ó ní, "Dádì Wàsíù, ẹ ti slow down o. Mi ò gbọ́ yín mọ́ ní Saturday." Dádì ní ó ti ń rẹ òun ni. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ orúnkún wa láti ọjọ́ yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò bínú. Àfi bí ẹni pé ó ń ṣàárò nǹkan náà.

Bọ̀dá Àjàní padà. Ó ti wúwo díẹ̀, kò lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣì mọ̀ ọ́n. Nígbà ooru kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní pápá ńlá tó wà létí adágún ní Ṣikágò. Mọ́mì gba ọjọ́ ìsinmi, ó ní òun náà fẹ́ wo Bọ̀dá ọ̀hún. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Matteson. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń lá oyin kí ọ̀fun mi lè dán.

Ìlàjì kejì ni wọ́n mú un wọlé. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó rìn kiri títí, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó yọ síwájú gólì, níhà ọ̀dọ̀ wa, ó sì fi orí kàn án wọlé.

Gbogbo pápá bú sí ariwo. Àwa ńkọ́? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Orúnkún mi ti lu kọnkéré kí n tó mọ̀. Wàsíù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Dádì náà wà nílẹ̀, ọwọ́ wa wà lókè, ẹnu wa là gbàgà, kò sí ohùn. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́yìn wa ń bi Mọ́mì bóyá kí òun pe dókítà.

Mọ́mì yíjú sí wa. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orúnkún Dádì sí tèmi.

"Gbì-gbì yẹn," ló wí. "Every Saturday. Mo rò pé ìrun ìyálẹ̀ta lẹ máa ń kí."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ wa, tó ń gbọ́ wa lórí àjà, tó ń dúpẹ́ pé ọkọ àti ọmọ òun ń jọ́sìn. Ó tiẹ̀ ti fi wá yangàn fún àwọn obìnrin mọ́sáláṣí. Dádì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Má bínú, Ìyá Wàsíù. A ò fẹ́ jí ẹ ni."

Mò ń retí ìbínú rẹ̀. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ẹ pariwo. Mi ò sùn lónìí."

A dìde, a pariwo. Wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù padà sáàárín, eré ti ń lọ, àwọn èèyàn ń yíjú wò wá, mo sì ń ké títí ohùn mi fi há. Mọ́mì ké jù mí lọ.

Bọ̀dá Àjàní ti padà sí ìlú rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé, ó sì fẹ̀yìn tì. Lansing ni mò ń gbé báyìí. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, iṣẹ́ alẹ́ Fúráìdè ni wọ́n sì sábà ń fún mi. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé ìyà ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún. Ó rò pé ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló yẹ kí ẹnu ya òun sí nílé wa. Kò tíì mọ bí ara ṣe ń rí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, kò sì mọ bí ìfẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí àgbà ọkùnrin tó lè gbé irú ariwo yẹn mì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà nínú yàrá abẹ́ ilé, oorun ti ń gbé mi lọ. Òórùn àkàrà ń bọ̀ láti òkè, ọkọ mi ti ṣí fèrèsé. Ni mo bá gbọ́ àwọn ọmọ mi lórí àjà: gbì. Àsìkò ìyálẹ̀ta ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìrun ni àbí góòlù, mi ò sì dìde lọ wò. Mo ní Alhamdulillah, mo sì sùn.