Èmi Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí a sì ń kọ Faransé níléèwé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo yàn láti kọ́ ní yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán mi lọ sí Kaduna fún ọdún kan, kí n lè máa gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Olùkọ́ wa kan ló mú Kaduna. Ó ní bí wọ́n bá fi mí sí Èkó tàbí Ìbàdàn, Yorùbá ni màá máa sọ láti àárọ̀ dalẹ́, màá sì padà wálé bí mo ṣe lọ. Ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin náà, àmọ́ kò dé Kaduna rí. Inú ilé Yorùbá ni wọ́n fi mí wọ̀ ní Narayi, àdúgbò kan ní Kaduna, bí mo bá sì jáde sígboro, Haúsá ló ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ná tòmátì ní Haúsá kí Gẹ̀ẹ́sì mi tó kúrò lójú kan.

Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n fi wá ṣe. Ọmọbìnrin kan láti Kaduna tó ń kọ́ Faransé ló lọ rọ́pò mi. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Àjàṣẹ́, ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi náà ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tiẹ̀ ní Narayi, mò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Ìyá rẹ̀ yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Mọ́mì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Abuja ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kì í sábà sí nílé. Ọmọ kan ló kù sílé, àbúrò ẹni tó lọ, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Haúsá ló fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

Nígbà tí ìyá mi sìn mí dé ẹnubodè, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ o.” Mo ní mo ti gbọ́. Etí kan ló gbà wọlé, òmíràn ló gbà jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn gan-an ni mò ń sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan wá mú ọmọ kíláàsì mi kan lọ sí Nàìjíríà láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi àti ọmọ náà la jọ ń jókòó. Ààyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ọdún fi parí, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn níhà ọ̀hún, ọmọ Kútọnu, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa, àti ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wá búra pé èmi tí mo gba ìwé wọ Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó máa fi ojú yẹn wò mí.

Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni wọ́n fi ojú náà wò mí. Bí mo ṣe ń sọ báàgì mi kalẹ̀ nínú ọgbà, aládùúgbò kan na ọrùn láti orí fẹ́ǹsì, ó ní, “Mọ́mì, sannu! Ẹ ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ míì ni? Kútọnu ni, àbí? Wọ́n mọṣẹ́ ṣe o!”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. “Haba! Yunifásítì lèyí wà. Ọmọ mi ni.”

Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì sọ ló yẹ kí n mú, ti aládùúgbò ni mo mú. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ nílé yẹn. Bí Mọ́mì bá ní, “Ọmọ mi, bá mi yí iná yẹn sílẹ̀,” màá ki ìwé mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò lọ́la. Nígbà kan mo tilẹ̀ sọ fún un pé ìdánwò ló dé. Ó wò mí, ó ní, “Ṣebí iléèwé ò tíì wọlé.” Òun fúnra rẹ̀ ló lọ yí iná náà sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Bí mo bá rántí báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ tábìlì.

Àwọn Yorùbá àdúgbò náà ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣèpàdé láti ilé dé ilé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó kan ilé wa, pálọ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, jókòó sórí àga ńlá. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì nínú aṣọ tí mo rà ní Kútọnu, mo gbé ọwọ́ kọ́ àyà. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ti ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Àgbà gbójú sókè, ó nawọ́ sí mi. “Ìwọ ọmọ yìí, bá mi bu omi wá.”

Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Aládùúgbò orí fẹ́ǹsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rò pé mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì sún mọ́ mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n lọ. Gígún yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Mo na ara mi tán, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba méjì rán mi wá kọ́ sọ ọ́, ketekete, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́: èmi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Àgbà wò mí. Ó rọra tẹrí ba, ó ní, “Ẹ má bínú, àǹtí.”

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó ṣe mí yẹn. Ìyá tó lè bí ìyá mi ló pè mí ní àǹtí, tó tún fi ‘ẹ’ kún un. Bó bá gbá mi létí, ara ìbá tù mí.

Mọ́mì dìde. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, òun ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá Àgbà mu ún. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó tutù lé Mọ́mì lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ní, “Ọmọ rẹ tó wà nílẹ̀ àjèjì, ọwọ́ rere ni yóò bọ́ sí. Wọn ò ní fi ojú àlejò wò ó. Ilé tó dé, ilé ni yóò jẹ́ fún un.” Gbogbo pálọ̀ ṣe àmín. Mi ò mọ bóyá kí n ṣe àmín tàbí kí n má ṣe é.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo bá ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní kíṣìnì, mo ń ṣàwáwí. Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn, ohun tí kì í ṣe. “Àǹtí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ìyá Àgbà ń rán lómi. Ilé tí wọ́n bá dé, ọmọ ilé ni wọ́n ń rán, torí pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún un. Mọ́mì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán yín. Gbogbo wọn ló mọ̀.” Aládùúgbò náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀ bẹ Mọ́mì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Toh, ó ti tán. Mi ò bínú.” Òótọ́ ló sọ, kò bínú. Kò kàn rán mi níṣẹ́ mọ́ ni. Oúnjẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dé lórí tírè, wọ́n fi àwo míì dé e, ẹran tèmi sì ju ti gbogbo ilé lọ. Bí àwọn ènìyàn bá béèrè mi, kò pè mí ní ọmọ mi mọ́. “Àlejò wa ni,” ló máa ń sọ. Mo fẹ́ lọ bẹ Ìyá Àgbà, àmọ́ kí n tó mọ ojú tí màá gbé lọ, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Iléṣà, kò sì padà títí mo fi kúrò.

Ọjọ́ kan ni ìyá mi pe Mọ́mì láti Àjàṣẹ́. Ọwọ́ Mọ́mì wà nínú ìyẹ̀fun tó ń pò, ó bá fi fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta. Èmi jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú tírè mi níwájú.

“Ìyá ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú o!” Ohùn ìyá mi kún gbogbo kíṣìnì. “Ọmọ yín rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àkàsà la jọ ń pọ́n. Bí mo bá ní kó lọ kàwé, á ní kí n jẹ́ kóun parí ewé ọwọ́ òun. Ẹ bí ọmọ o.” Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀, ó dájú pé orí àpótí tí èmi máa ń jókòó lé ló wà. “Tèmi ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ràn? Ọ̀lẹ díẹ̀ ni o, ẹ má gbà fún un.”

Mọ́mì wò mí. Mi ò rí ibi fi ojú sí.

“Ó ń gbọ́ràn,” ni Mọ́mì wí. “Láti ìgbà tó ti dé, mi ò mọ iṣẹ́ ilé mọ́.”

“Á, ẹ ṣeun! Ọkàn mi balẹ̀.”

Obìnrin tí mo dójú tì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń purọ́ kí ojú má baà ti ìyá tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè jí, mo mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì gbá dé ìdí kànga tí Mọ́mì fi jáde, ó sì rọra gbà á lọ́wọ́ mi. “Má ṣèyọnu. Ìwé ló gbé ẹ wá, lọ kàwé.” Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó wá gba ìgbálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ke baƙuwa ce.” Haúsá mi ti tó láti mọ̀ pé àlejò ló pè mí. Mo padà wọlé, mo ṣí ìwé, mi ò ka ọ̀rọ̀ kan. Bí ọdún náà ṣe lọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì mi dára sí i, àwọn olùkọ́ ń yìn mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń padà sílé, Mọ́mì gba àyè níbi iṣẹ́, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television. Òun ló gbé báàgì mi kejì, ó kọ̀ fún mi láti gbà á. Ọkọ̀ Èkó kò tíì kún, a bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò. Mọ́mì gbé báàgì mi lé itan. Mò ń rò ó nínú mi pé báyìí náà la ṣe máa túká, bí onílé àti ayálégbé.

Lójijì ni Mọ́mì yíjú sí mi, ó lejú koko.

“Ìwọ ọmọ yìí, òùngbẹ ń gbẹ mí. O jókòó, ò ń wò mí. Lọ ra omi wá!”

Eré ni mo sá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta agbọ̀n ọlọ́sàn dànù. Mo ra píọ̀ wọ́tà tó tutù jù nínú kúlà, mo fi etí ìró mi nù ún, mo dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àwọn awakọ̀ ń wò wá. Mọ́mì mu ẹnu kan péré. Ó gbé ọwọ́ tútù lé mi lórí, ó gbàdúrà kúkúrú bí Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe é, ó sì dá omi tó kù padà fún mi. “Gbà, ọ̀nà jìn.” Nígbà tó ṣí báàgì rẹ̀ láti mú áńkáṣíìfù ni mo rí ike omi tó gbé láti ilé. Ó kún dẹ́nu, kò tíì ṣí i. Ẹkún tí mo sun kì í ṣe kékeré.

Obìnrin Yorùbá kan tó jókòó ti fèrèsé nínú ọkọ̀ ti rí gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé jókòó tì í, tí mo kí i, ó gbọ́ ahọ́n Àjàṣẹ́ lẹ́nu mi.

“Ọmọ Kútọnu ni ẹ́, àbí?” ó bi mí. “Ọ̀gá ẹ mà dáa o! Ta ló ń sin ọmọ ọ̀dọ̀ dé gáréèjì láyé ìsinsìnyí?”

Mo la ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi dá Ìyá Àgbà lóhùn wà níbẹ̀, ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́mì ṣì dúró níta nínú oòrùn, ó ń juwọ́ sí mi.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dáa gan-an.”